Ẹsẹ̀ Lọ́sàn-án, Ọwọ́ Lálẹ́

Ṣòkòtò péńpé kan ṣoṣo ni ìyá wa rán fún un.
Owó aṣọ méjì kò sí nílé, ló bá rán an lójú méjì:
àwọ̀ aró lóde, pupa nínú.
Bó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Búràímọ̀ á yí i padà
lẹ́yìn ògiri pápá Oníkan,
agbábọ́ọ̀lù á wọlé síbẹ̀, akànṣẹ́ á jáde.

Èmi ni mo máa ń gbé àpò rẹ̀.
Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀:
ìgò àdí kan fún orúnkún,
báńdéèjì tí a sè nínú omi iyọ̀,
ẹ̀pà sísè ẹ̀kúnwọ́ kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Ó ní ikùn tó bá yó kì í rí ẹ̀ṣẹ́ tó ń bọ̀.

Rélùwéè ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún, l'Ẹ́bùtẹ́ Mẹ́tta.
Ọpẹ́ ni wọ́n fi ń sanwó níbẹ̀, àti ìgò jínjà kan,
títí di ọjọ́ tí ọ̀gá òyìnbó kan ka sílè mẹ́wàá sí i lọ́wọ́
ní gbangba, bí ẹni tó ń sanwó fún káfíńtà.
Ìyá wa wo owó náà títí.
"Bọ́ọ̀lù? Bọ́ọ̀lù náà ló mú èyí wá?"
Ó so ó mọ́ ìdí ìró.
Kò tún bá a wí mọ́ nípa èékánná ẹsẹ̀ tó ń ṣí.

Ní ti ẹ̀ṣẹ́, pọ́n-ùn méjì ni bí o bá borí,
pọ́n-ùn kan bí wọ́n bá gbé ọ jáde.
Búràímọ̀ ní kò sí iṣẹ́ mìíràn l'Ékòó
tí wọ́n ti ń sanwó fún ẹni tó sùn lẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn ará Ìdúmàgbò ò yé sọ̀rọ̀.
Bàbá Múfú tó ń tún aago ṣe dá a dúró lọ́jọ́ kan:
"Ẹni tó lé eku méjì, òfo ni yóò mú bọ̀."
Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, eyín kan ti kúrò níwájú.
"Bàbá, ebi ni mò ń lé. Ọ̀kan ṣoṣo ni."

Sátidé tí mo fẹ́ sọ rèé.
Òjò ti rọ̀, pápá rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná.
Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ó gbá a wọlé,
wọ́n gbé e sókè, èmi nìkan ni mo rí i
pé ẹsẹ̀ òsì ń kán ẹ̀jẹ̀ sí èjìká ẹni tó gbé e.
Ìṣó. Ìṣó pákó ìjókòó, ó gùn tó ìka mi.
Lẹ́yìn ògiri, ó ní kí n ka àwòdì tó wà lókè.
Mo ka mẹ́rin. Ó ti fà á yọ.
Ó yí ṣòkòtò padà.
"Pupa dára. Wọn ò ní mọ èwo ni ẹ̀jẹ̀.
Bí o bá sọ fún Màámi, mi ò ní bá ọ sọ̀rọ̀ títí di Iléyá."

Ìpele mẹ́jọ ló jà lálẹ́ ọjọ́ náà, lórí ìka ẹsẹ̀.
Àwọn ènìyàn ń pariwo: "Ẹ wò ó, ó ń jó!"
Ìwé ìròyìn ọjọ́ Ajé ní ijó tuntun ló gbé dé.
Àwọn ọmọdé Ìsàlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tiro káàkiri,
wọ́n ń lu afẹ́fẹ́ lẹ́ṣẹ̀ẹ́.
Mi ò sọ. Ó lé ní àádọ́ta ọdún, mi ò sọ.

Ọdún mẹ́fà péré ni gbogbo rẹ̀.
Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ̀, ọwọ́ tẹ̀ lé e.
Rélùwéè fi í síbi tí wọ́n ti ń kọ nọ́ńbà sára ọkọ̀ ẹrù,
ó ń kọ ọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì,
kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Ọ̀dọ̀ mi ní Yábàá ló ń gbé báyìí.
Ìka rẹ̀ kò lè de bọ́tìnnì mọ́,
èmi ni mò ń bá a de é, láti ọrùn wá sísàlẹ̀.
Ó ti gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.
Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, bí oòrùn bá fara ti ògiri,
á na ẹsẹ̀ òsì jáde lábẹ́ tábìlì,
á rọra bi mí, bí ẹni tí kò fẹ́ kí Màámi gbọ́:
"Ṣé o ti yí i padà?"
Mo ní, "Mo ti yí i."
"Èwo ló wà lóde?"
Mo máa ń ronú kí n tó dáhùn.